Ìyá Odi Nìkan Kọ́ Ni Ó Yẹ Kí Ó Gbọ́ Èdè Odi

 

Nígbà tí àwọn olóòtú ìwé yìí ké sí mi pé kí n kọ díẹ̀ nínú ohun tí mo rántí nípa ilé-ìwé wa, ohun tí púpọ̀ nínú wa máa ń kọ ni ó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn: agogo òwúrọ̀, orin ìsìn, koríko tí a gé títí àtẹ́lẹwọ́ wa fi bó, àti olùkọ́ ìṣirò tí kò sí ẹni tí ó gbójúgbóyà láti pẹ́ dé lọ́jọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Mo kọ ojú ìwé méjì, mo sì fà á ya. Ìdí rẹ̀ ni pé gbogbo ohun rere tí mo rí gbà nínú ọgbà yìí, mo rí i gbà lójú ẹnì kan tí kò ní àǹfààní àtirí i gbà. Ẹni náà ni àbúrò mi ọkùnrin. Ìtàn rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, nítorí mo gbàgbọ́ pé ó kan ohun tí a óò fi owó àjọ̀dún yìí ṣe.

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni àbúrò mi nígbà tí àrùn yírunyírun kọ lù ú. Ṣáájú ìgbà náà, òun ni ó máa ń kọrin jù nínú ilé wa. Ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ilé ìwòsàn, ibà náà sì lọ. A kó ara wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, a ṣe ìdúpẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ni Màmá kíyè sí i pé ọmọ náà kì í bojú wẹ̀yìn mọ́ bí a bá pè é. A kọ́kọ́ rò pé àárẹ̀ àìsàn ni. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Bàbá mú àwo irin kan, ó dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó sì jù ú sórí sìmẹ́ńtì. Gbogbo àwa yòókù fò sókè. Àbúrò mi ń bá eré rẹ̀ lọ. Bàbá bẹ̀rẹ̀, ó ṣa àwo náà, kò sì sọ ọ̀rọ̀ kan títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ó máa ń tẹ̀ lé irú èyí ní àdúgbò. Àwọn kan ní ọwọ́ ayé ni. Àwọn kan ní ẹ̀ṣẹ̀ àwọn òbí ni. Àwọn kan gba Màmá nímọ̀ràn pé kí ó má ṣe mú un jáde mọ́, kí àwọn ènìyàn má baà máa fi ilé wa ṣe àpèjúwe. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn Jésù gan-an béèrè irú ìbéèrè yìí nígbà tí wọ́n rí ọkùnrin tí a bí ní afọ́jú, nínú Jòhánù orí kẹsàn-án. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá òun ni ó dẹ́ṣẹ̀ ni tàbí àwọn tí ó bí i. Olúwa kò gba èkíní, kò sì gba èkejì. Iṣẹ́ ni ó bẹ̀rẹ̀ lórí ojú ọkùnrin náà.

Ẹnì kan nínú ìjọ wa ni ó sọ fún Bàbá pé ilé-ìwé àwọn adití kan wà ní Súrùlérè tí ó ń jẹ́ Wesley. Ibẹ̀ ni àbúrò mi lọ. Nígbà náà, ìjọba ìbílẹ̀ Ifákò-Ìjàyè kò tíì sí. Abẹ́ Agége ni gbogbo wa wà títí di ọdún 1996. Ọ̀nà tí ó wà láàárín ilé wa àti Súrùlérè kì í ṣe èyí tí ọmọ ọdún mẹ́fà lè dá rìn. Bàbá ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ aláṣọ kan ní Ìkẹjà. Ó bẹ àwọn ọ̀gá rẹ̀ pé kí wọ́n fi òun sí iṣẹ́ òru pátápátá. Ní aago márùn-ún ìdájí, Màmá yóò gbé àbúrò mi wọ mólúè ní Agége, wọn yóò sì sọ̀ kalẹ̀ ní Òṣòdì. Bàbá yóò ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀, yóò gba ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́bàá títì. Màmá yóò padà sí ọjà Agége níbi tí ó ti ń ta ata, Bàbá yóò sì wọ dánfó lọ sí Súrùlérè. Bí ó bá ti fi ọmọ sí kíláàsì tán, yóò lọ sùn lórí bẹ́ǹṣì kan lábẹ́ igi, títí ilé-ìwé yóò fi parí. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní gbogbo àwọn ọdún wọ̀nyí, èmi ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé-ìwé. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Bí mo bá gbàgbé ìwé kan sílé, mo lè sáré padà lọ mú un kí agogo tó lù.

Ohun kan wà tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin tí a jọ kàwé. Ní ọdún kẹta mi, mo gba ẹ̀bùn Ìmọ̀ Bíbélì ní ọjọ́ ìfúnnilẹ́bùn. Kí ọjọ́ náà tó pé, mo bẹ Màmá pé kí ó má ṣe mú àbúrò mi wá. Bí inú rẹ̀ bá dùn, àbúrò mi máa ń ké jáde ní ohùn kan tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ bí ó ti ń dún létí ẹlòmíràn, mo sì mọ̀ pé àwọn ẹgbẹ́ mi yóò rẹ́rìn-ín. Màmá wò mí títí. Ó ní, “Mo gbọ́.” Òun nìkan ni ó wá. Nígbà tí mo délé, àbúrò mi gba ìwé ẹ̀bùn náà lọ́wọ́ mi, ó fi ọwọ́ pa á lára, ó dá a padà fún mi, ó wá gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, ó ń gbọ̀n wọ́n lójú mi. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo bínú wọlé.

Ó lé ní ogún ọdún lẹ́yìn náà kí n tó mọ ohun tí ó ṣe. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí òun náà jẹ́ adití ń gbéyàwó, mo sì bá a lọ. Nígbà tí ọkọ àti ìyàwó wọlé, gbogbo àwọn adití tí ó wà nínú gbọ̀ngàn náà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n ń gbọ̀n wọ́n. Bí wọ́n ṣe ń pàtẹ́wọ́ nìyẹn. Àbúrò mi ń pàtẹ́wọ́ fún mi ní ọjọ́ tí mo ní kí wọ́n má mú un wá síbi tí wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ fún mi.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìyá odi ni í gbọ́ èdè odi. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n mo ti wá rí i pé ẹ̀sùn wà nínú rẹ̀. Kí ni àwa yòókù ń ṣe tí ó fi jẹ́ pé ìyá nìkan ni ó gbọ́? Èdè ni èdè adití; ó ní ọ̀rọ̀, ó ní ìlànà, a sì lè kọ́ ọ bí a ti ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ọgbà yìí, mo kọ́ Faransé fún ọdún mẹ́ta kí n lè bá àwọn ará Kùtọnu tí n kò mọ̀ rí sọ̀rọ̀. Ní gbogbo àkókò náà, n kò lè bi ọmọ ìyá mi pé báwo ni ilé-ìwé ti rí lónìí.

Nígbà tí ó parí ìwé mẹ́fà, Bàbá lọ sí ilé-ìwé girama mẹ́ta ní agbègbè wa. N kò ní dárúkọ wọn, kò sì sí ìdí fún un. Èkíní ní àwọn kò ní olùkọ́ tí ó gbọ́ èdè ọmọ náà. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Èkejì ní àwọn òbí yòókù kò ní fẹ́. Ẹ̀kẹta ní kí Bàbá máa wá jókòó tì í nínú kíláàsì kí ó máa túmọ̀ fún un. Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ òru ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ní ti ilé-ìwé tiwa, kò sí ẹni tí ó lé e, nítorí pé a kò béèrè. Bàbá ti mọ ìdáhùn, kò sì fẹ́ kí ojú tì mí níbi tí mo ṣì ti ń kàwé. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ilé-iṣẹ́ aláṣọ náà ti ilẹ̀kùn, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ti ṣe ní Ìkẹjà. Owó ọkọ̀ sí ibi jíjìnnà tán. Àbúrò mi lọ kọ́ṣẹ́ ọwọ́.

Bí mo ti ń dàgbà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí bí irú àwọn ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Ohun tí mo rí ni pé àwọn onígbàgbọ́ wà lára àwọn tí ó ṣáájú. Ẹ̀yìn wọn ni ìjọba dé. Ní ọdún 1953, àwọn míṣọ́nnárì dá ilé-ìwé àwọn ọmọ afọ́jú sílẹ̀ ní Gindiri, lápá òkè Jọ́ọ̀sì. Ní ọdún 1962, ìjọ Kátólíìkì dá Pacelli sílẹ̀ ní Súrùlérè fún àwọn ọmọ tí kò ríran àti àwọn tí ojú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ríran. Ilé-ìwé àbúrò mi sì ń jẹ́ orúkọ Wesley, baba àwọn Mẹ́tọ́díìsì, títí di òní.

Ẹni tí ìtàn rẹ̀ wọ̀ mí lọ́kàn jù ni Andrew Foster. Ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ni. Ìpínlẹ̀ Alabama ni a bí i sí ní ọdún 1925. Ọmọ ọdún 11 ni nígbà tí àrùn yírunyírun, àrùn kan náà tí ó mú àbúrò mi, di í létí. Ní ọdún 1954, òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba oyè ní Gallaudet, ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn adití ní Washington. Ní ọdún 1957 ó dá ilé-ìwé àwọn adití sílẹ̀ ní Accra, ní ọdún 1960 ó dá òmíràn sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Nígbà tí yóò fi kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfurufú ní Rùwáńdà, ní oṣù Kejìlá ọdún 1987, àwọn ilé-ìwé tí ó ti dá sílẹ̀ ní Áfíríkà lé ní 30. Ajíhìnrere ni. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ọmọ tí kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ ní èdè kò lè gba ìyìn rere kankan, nítorí náà ilé-ìwé ni ó fi ṣáájú.

Ìjọba náà ti sọ̀rọ̀. Ìlànà Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-èdè tí ó jáde ní ọdún 1977 ya orí kan sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ àwọn àkàndá ọmọ, ọdún yẹn kan náà ni a sì dá ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́ láti máa kọ́ àwọn olùkọ́ wọn. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1994, aṣojú ìjọba 92 pàdé ní ìlú Salamanca ní Spéènì, wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan pé ilé-ìwé tí gbogbo ọmọ ń lọ ni ó yẹ kí àwọn ọmọ wọ̀nyí náà máa lọ. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tirẹ̀ ní ọdún 2011, ó sì dá ọ́fíìsì LASODA sílẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin àpapọ̀ tí ó ka ìyàsọ́tọ̀ léèwọ̀. Òfin náà ní kí ẹ̀kọ́ jẹ́ ọ̀fẹ́ fún wọn títí dé ilé-ìwé girama, kí olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ náà wà ní ilé-ìwé ìjọba, ó sì fún àwọn ilé tí ó wà fún gbogbo ènìyàn ní ọdún 5 láti tún àbáwọlé wọn ṣe. Ọdún 5 náà ti kọjá.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo àdúgbò wa. Súrùlérè ni Pacelli wà, ibẹ̀ náà ni Wesley àti Atunda-Olu wà. Modupe Cole wà ní Akókà. Èkó ti ṣí ẹ̀ka fún àwọn àkàndá ọmọ nínú àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan, iṣẹ́ rere sì ni. Àwọn aládàáni náà ní ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ tí ó ní ọ́tísíìmù ní ìhà Ìkẹjà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àpò ni ó ká owó wọn. Ọmọ tí ó bá sì parí ìwé mẹ́fà ńkọ́? Afárá Pen Cinema ti dúró, ọkọ̀ ojú irin tuntun ń gba Agége kọjá lọ sí Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí àkàndá ọmọ ń tọ̀ láti Ifákò dé ilé-ìwé girama kò tíì kúrú.

Ní ọdún tó kọjá, mo bá ìyá kan pàdé ní ibùdókọ̀ Fágbà ní ìdájí, ó di ọmọbìnrin rẹ̀ mú gírígírí. Ọmọ náà ń fò sókè, ó ń tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ. Ọbáwọlé ni wọ́n ń gbé. Nígbà tí a di ojúlùmọ̀, ìyá náà sọ fún mi pé, “Àǹtí, gbogbo ọjọ́ ni mo ń tọrọ gáfárà. Mo ń tọrọ gáfárà lọ́wọ́ awakọ̀, lọ́wọ́ èrò inú ọkọ̀, lọ́wọ́ olùkọ́. Ó wù mí kí n mú ọmọ mi dé ibì kan tí n kò ti ní tọrọ gáfárà.” Mo rántí Màmá mi nínú mólúè. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tí mo rí ni pé mólúè ti lọ.

Ẹnì kan lè wí pé àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ẹni 1 nínú ẹni 6 láyé ni ó ní ìpèníjà ara tàbí ti ọpọlọ tí ó nípọn. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ojú ń rí. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ rántí ọmọkùnrin kan nínú kíláàsì wa tí ó máa ń dìde lọ síwájú pátákó kí ó tó lè kọ ohun tí olùkọ́ kọ. A ń fi ṣe ẹlẹ́yà. A nà án nítorí pé kò kọ iṣẹ́ rẹ̀ tán. Lẹ́yìn tí ó jáde ni ó ra awò ojú, ó sì sọ fún mi pé ọjọ́ náà ni òun kọ́kọ́ mọ̀ pé ewé igi ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ rántí ọmọbìnrin tí ó mọ gbogbo ìdáhùn bí a bá bi í lẹ́nu, ṣùgbọ́n tí lẹ́tà ń dàrú mọ́ lójú bí ó bá fẹ́ kàwé. Olódo ni a ń pè é. Láti ìgbà tí a ti dá ilé-ìwé yìí sílẹ̀ ni a ti ń gba àwọn àkàndá ọmọ. Ohun tí a kò ṣe ni pé a kò dá wọn mọ̀.

Àwọn àgbà ní, “Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́.” Ó ní ìsàlẹ̀ ni ó ti wọ́ wá. Ní ti àwọn ọmọ wọ̀nyí, ẹrù nìkan ni a ń wò: máàkì tí kò pé, ìwé tí kò tán, ariwo inú kíláàsì. A kì í wo ìsàlẹ̀.

Mo gbọ́ pé ìmọ̀ràn méjì ni ó wà níwájú ìgbìmọ̀ àjọ̀dún: géètì ńlá tuntun, àti títún gbọ̀ngàn kùn. N kò ní ohun kankan sí géètì. Ṣùgbọ́n kí a tó kọ́ ọ, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè pé àwọn wo ni yóò gba ibẹ̀ wọlé. Ìmọ̀ràn kẹta tí mo mú wá nìyí.

Kí a ya yàrá kan sọ́tọ̀ nísàlẹ̀, kì í ṣe lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, fún àwọn ọmọ tí ó nílò ìrànlọ́wọ́ àkànṣe. Kí a gba olùkọ́ méjì tí ó kọ́ iṣẹ́ náà. Ilé-ẹ̀kọ́ Ọ̀yọ́ àti Yunifásítì Ìbàdàn ń kọ́ irú wọn. Kí a fi sìmẹ́ńtì ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn, kí a sì mú ilẹ̀kùn ilé ìyàgbẹ́ kan gbòòrò tó kí kẹ̀kẹ́ arọ lè wọlé. Kí a máa yẹ ojú àti etí gbogbo ọmọ tuntun wò ní oṣù Kẹsàn-án. Nínú wa, àwọn dókítà ojú wà tí ọjọ́ kan lọ́dún kò ní ni lára. Kí ẹgbẹ́ kan wà tí yóò máa kọ́ èdè adití ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Ọmọ mẹ́wàá ni kí a fi bẹ̀rẹ̀. Ní ti ìdánwò, ọ̀nà ti là ṣáájú wa: WAEC ń fún àwọn afọ́jú ní ìbéèrè tí a tẹ̀ ní ìwé afọ́jú, pẹ̀lú àfikún àkókò, láti ọdún 2017 ni JAMB sì ti ní ètò fún wọn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Okebukola ń darí.

Mo mọ àwọn ìbẹ̀rù tí yóò dìde. Ẹ̀yin òbí kan yóò ní àwọn ọmọ yín yóò fà sẹ́yìn nínú ẹ̀kọ́. Ohun tí ń fa kíláàsì sẹ́yìn ni olùkọ́ kan ṣoṣo tí kò ní olùrànlọ́wọ́. Bí olùrànlọ́wọ́ bá dé, gbogbo ọmọ ni yóò jàǹfààní, títí kan tiyín tí kò rí pátákó dáadáa tí ẹ kò sì mọ̀. Àwọn kan yóò ní iṣẹ́ ìjọba ni. Òótọ́ ni, kí a sì máa rán ìjọba létí láìsinmi. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ìjọba ni àwọn baba wa nínú ìgbàgbọ́ ń dúró dè, ilé-ìwé yìí gan-an kì bá tí sí. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Houston, ẹ ti rí i lójú ara yín pé ó ṣeé ṣe. Amẹ́ríkà ọlọ́rọ̀ náà ń lé àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ kúrò ní ilé-ìwé ìjọba, àfi ìgbà tí àwọn òbí pariwo, tí òfin ọdún 1975 sì fi òpin sí i. Kì í ṣe owó nìkan ni ó yí i padà.

Ìbẹ̀rù kan wà tí èmi pẹ̀lú ní. Bí a bá gba àwọn ọmọ wọ̀nyí wọlé láìsí olùkọ́ fún wọn, ìyà ni a fi jẹ wọ́n. Adití kan ṣoṣo láàárín ẹgbẹ̀rún ọmọ tí ń sọ̀rọ̀ dá wà ju ẹni tí ó wà nílé lọ. Nítorí náà, kí a gba wọn ní ọ̀wọ́, kí wọ́n lè rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Àwọn ilé-ìwé bíi Pacelli àti Wesley kò sì gbọdọ̀ kásẹ̀ nílẹ̀. Àwọn ọmọ kan wà tí ibẹ̀ ni ó yẹ wọ́n jù. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ó má jẹ́ ibẹ̀ nìkan.

Mo ti sọ pé ẹ̀bùn Ìmọ̀ Bíbélì ni mo gbà. Mo rántí pé mo kọ̀wé nípa Mefiboṣeti nínú ìdánwò náà, mo sì gba máàkì tí ó pé. Mo kọ ọ́ pé ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tí olùtọ́jú rẹ̀ gbé e sá, tí ó ṣubú, tí ó sì di arọ ní ẹsẹ̀ méjèèjì. Pé ó ń gbé ní Lodebari nínú ilé Makiri. Pé Dáfídì rántí májẹ̀mú rẹ̀ pẹ̀lú Jonatani. Ohun méjì ni n kò kíyè sí nígbà náà. Èkíní ni pé Dáfídì kò ní kí wọ́n máa gbé oúnjẹ lọ fún un ní Lodebari. Ó ránṣẹ́ lọ mú un wá sí tábìlì ara rẹ̀. Èkejì ni pé ẹsẹ̀ Mefiboṣeti kò sàn. Bí ìtàn náà ti parí, arọ ni síbẹ̀, orí tábìlì ọba sì ni ó ti ń jẹun.

Àbúrò mi ti lé ní ogójì ọdún báyìí. Wíńdò alumíníọ́mù ni ó ń ṣe ní ọ̀nà Ìjú, ó ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta, kò sì sí wíńdò tí ó wọ̀n tí kò bá ojú ilé mu. Nígbà tí mo ń wo bí ó ti ń ṣe ìṣirò lórí páálí, mo máa ń rántí olùkọ́ ìṣirò wa, bí inú rẹ̀ ì bá ti dùn tó sí irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀. Èmi náà ti kọ́ èdè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó pẹ́, ọwọ́ mi sì le, ó sì máa ń fi mí rẹ́rìn-ín. Kí n tó kọ ohun tí ẹ kà yìí, mo fi í ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, mo bi í bóyá ó gbà kí n sọ ìtàn òun, títí kan ti ọjọ́ ìfúnnilẹ́bùn, tí n kò tíì tọrọ àforíjì rẹ̀ rí. Ó pẹ́ kí ó tó dáhùn. Ohun tí ó kọ nìyí:

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kọ ọ́. Mo ti dárí jì yín tipẹ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n káàánú mi. Ẹ sọ fún wọn pé bí wọ́n bá kọ́ yàrá náà, èmi ni n óò ṣe wíńdò rẹ̀, n kò ní gba owó iṣẹ́.”

Mo ti jíṣẹ́ rẹ̀ fún yín. Ọwọ́ ìgbìmọ̀ àti ọwọ́ gbogbo wa ni ó kù sí. Kí Ọlọ́run bùkún ilé-ìwé wa, kí ó sì mú kí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ gbòòrò. Àmín.